Bí ẹ ṣe lè rí ibi tí Ọya ti pàdé Bẹ́núé láti orí Òkè Patti

Ẹni tó bá fẹ́ gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja, kó má lọ ní oṣù Kẹta, kó má sì lọ ní ọ̀sán gangan. Ohun tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn, èmi àti màmá mi tó wá kí wa láti Ìsẹ́yìn. Inú kòtò ni Lọ́kọ́ja wà, òkè lẹ́yìn, odò níwájú, ooru ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe kékeré. A ò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí òòyì fi kọ́ màmá. Mo fi ìborùn fẹ́ wọn, mo bu omi tútù sí wọn lórí, a sì sọ̀ kalẹ̀ láìrí odò kankan. Ó dùn mí dọ́kàn. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ nílé ìwé ní Gwagwalada ni mo ṣèlérí fún wọn pé màá fi ibi tí omi méjì ti ń pàdé hàn wọ́n.

Mo ti padà lọ nígbà mẹ́rin lẹ́yìn náà, màmá sì bá mi lọ nínú ọ̀kan. Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí ni mo fẹ́ sọ.

Oṣù Kọkànlá ni kí ẹ lọ. Òjò ti dáwọ́ dúró nígbà náà, ó ti fọ ojú ọ̀run mọ́, ọyẹ́ ò sì tíì dé. Tí ẹ bá lọ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, omi lè kún jù. Ní ọdún 2012 àti 2022, odò kún bo títì Àbújá sí Lọ́kọ́ja, ọkọ̀ ò lè kọjá. Ní oṣù Kínní, ẹ lè gun òkè náà dé orí, kó jẹ́ eruku ọyẹ́ funfun nìkan lẹ máa rí. Láti oṣù Kejì, omi á fà, iyanrìn á yọrí láàárín odò. Ìyẹn náà ní ẹwà tirẹ̀, àmọ́ ooru tí mo sọ ń dúró dè yín.

Ọ̀nà láti Àbújá tó nǹkan bíi igba kìlómítà: Gwagwalada, Kwali, Abaji, Koton Karfe, kẹ́ ẹ tó gun afárá Murtala Muhammed ní Jamata. Ẹ wọkọ̀ ní gáréèjì Jabi ní kùtùkùtù, ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi òru gbé yín ní ọ̀nà yẹn, kódà bí owó ọkọ̀ bá dín. Tẹ́ ẹ bá dé orí afárá, ẹ jí àwọn ọmọ tó bá ti sùn. Odò tí ẹ ń gbà kọjá níbẹ̀, Ọya (River Niger) nìkan ni. Bẹ́núé ò tíì wọ̀ ọ́. Ó dáa kí ojú wọn mọ bí ó ṣe fẹ̀ tó nígbà tó ṣì dá wà, kí wọ́n tó rí i pẹ̀lú èkejì rẹ̀.

Ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn sí ní Lọ́kọ́ja, ẹ jẹun, ẹ sinmi. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ní kẹ́ ẹ gòkè ní àárọ̀. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn, ìdí rẹ̀ sì nìyí: ìwọ̀-oòrùn ìlú ni òkè náà wà, ìlà-oòrùn ni odò méjèèjì wà. Ní àárọ̀, ojú yín ni oòrùn máa kọ sí, omi á kàn máa dán bíi páànù tuntun, ẹ ò sì ní mọ èwo ni èwo. Láti ago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn yín ni oòrùn wà, orí omi ló tàn sí, àwọ̀ wọn á sì hàn kedere. Fọ́tò náà á dáa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ ti wà nísàlẹ̀.

Títì tó ń yí po ni wọ́n fi ń gun òkè náà. Mọ́tò ń gbà á, ọ̀kadà ń gbà á, ẹlẹ́sẹ̀ náà sì ń gbà á. Bí àgbàlagbà bá wà láàárín yín, ẹ fi mọ́tò gbé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ rìn, kó wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kó gbé omi tó pọ̀, kó má dá nìkan lọ. Tó bá jẹ́ ọ̀kadà lẹ fẹ́ gùn, ẹ ná owó àlọ àti àbọ̀ pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó, kí ẹ sì sọ pé "Òkè Patti". Ẹ má sọ "Lugard" fún un o, torí Lugard House ni wọ́n ń pe ilé ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi nínú ìlú, ibẹ̀ ló sì lè gbé yín lọ. Èdè Núpé ni Patti, òkè náà ló túmọ̀ sí. Ẹni tó bá mọ Pàtígì ní Kwara ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ láìfura: òkè kékeré ni Pàtígì.

Orí rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì, ó sì ga tó bíi mítà 450 sí òkun. Ẹ óò rí àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, igi oṣè ńlá kan tó ti gbó, àti ilé kékeré tí Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ṣàkóso ilẹ̀ Àríwá, ti máa ń sinmi. Ẹ má dúró pẹ́ nídìí ilé náà. Etí òkè ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kí oòrùn tó rẹlẹ̀ jù. Ẹ di gèlè yín le dáadáa, ẹ di ọmọ mú. Atẹ́gùn ibẹ̀ kò ṣeé fojú di, ó sì máa ń múni rántí pé Ọya ló ni ìjì.

Ẹ dúró, ẹ kọjú sí ìlà-oòrùn. Lọ́wọ́ òsì yín, láti àríwá, ni Ọya ti ń bọ̀. Orí òkè Gínì ló ti ṣẹ̀, ó sì ti gba Málì àti orílẹ̀-èdè Niger kọjá kó tó wọ ilẹ̀ wa. Níwájú yín gan-an ni Bẹ́núé, tó ti Kamẹrúùnù wá, tó gba Yola àti Makurdi. Lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n ti di omi kan ṣoṣo tó ń lọ sí Onitsha àti òkun. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò lọ sí Shintaku lódì kejì kò ju ìjàlọ lọ lójú yín.

Ẹ má tíì mú fóònù jáde. Ẹ tẹjú mọ́ ibi tí omi méjèèjì ti kan ara wọn fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà kan wà níbẹ̀. Erùpẹ̀ tí odò kọ̀ọ̀kan gbé bọ̀ láti ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀, ó sì ń pẹ́ kí wọ́n tó pò. Lọ́jọ́ tí mo mú màmá lọ, Ọya pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi sányán, Bẹ́núé dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fà sí àwọ̀ ewé. Ahunṣọ ni bàbá mi ní Ìsẹ́yìn. Tí wọ́n bá ta òwú etù sẹ́gbẹ̀ẹ́ sányán nínú òfì, bó ṣe máa ń rí gan-an nìyẹn, kò sí èyí tó wọnú èkejì, aṣọ kan náà sì ni. Màmá wò ó títí. Wọ́n ní, "Ìyá Dàmọ́lá, ta ló ta òwú yìí?" Mi ò lè dáhùn, omi ti gbọ̀n sí mi lójú.

Ẹ kí àwọn tẹ́ ẹ bá bá níbẹ̀. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀ ló yí òkè náà ká, èdè wọn ò sì jìnnà sí tiwa. Mo kí bàbá kan ní Yorùbá, wọ́n dá mi lóhùn ní Ọ̀wọ́rọ̀, a sì jọ sọ̀rọ̀ tó bíi ìdajì wákàtí láìwá ògbufọ̀.

Ẹnìkan lè sọ fún yín pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, obìnrin akọ̀ròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jókòó sí, tó wo odò, tó sì fi sọ wá ní Nàìjíríà. Ẹ fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́ ọmọ. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kínní ọdún 1897 ni orúkọ náà jáde nínú ohun tí ó kọ sínú ìwé ìròyìn The Times ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1902 ló fẹ́ Lugard, ẹ̀yìn ìgbéyàwó ló sì tó tẹ̀ lé e wá sí ilẹ̀ Àríwá. Èmi náà ti fi ìtàn yẹn kọ́ ọmọ rí, ó sì ń dùn mí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja lóòótọ́ wúwo jù ú lọ: ọjọ́ kìíní oṣù Kínní ọdún 1900 ni wọ́n sọ àsíá Royal Niger Company, ilé iṣẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, kalẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ta ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ náà ni wọ́n kó àwọn ọba tí wọ́n rọ̀ lóyè wá, títí kan Aliyu, ọba Kano, tí wọ́n mú ní 1903.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ tó padà, ẹ dé ilé ìwé Holy Trinity tí Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Ẹ kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ olórí ilé ìwé, torí àwọn ọmọ ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Òṣogùn tí wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821 kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn wa. Ọmọdé tí wọ́n so okùn mọ́ lọ́rùn yẹn ló dé ibi tí odò méjì yìí ti pàdé ní 1841, tó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Òpó irin méjì wà nínú ọgbà náà. Àwọn ará Lọ́kọ́ja ní ẹrú tó bá ti gba àárín wọn kọjá ti dòmìnira. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n gba àárín rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n tún yí padà wá mú ọwọ́ Dàmọ́lá kí ó bá wọn gbà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ kúrò ní Lọ́kọ́ja kí ago méjìlá tó lù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹja, Koton Karfe ni kẹ́ ẹ ti rà á lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ orí ẹja tútù wò bóyá inú rẹ̀ pupa dáadáa, kẹ́ ẹ sì mú kúlà dání láti ilé.