Èkan, glyphosate àti ẹ̀bòlò ìdí ààlà
Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún tó kọjá, mo fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ sí éékà kan tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n èkan ti gba gbogbo ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ti fi ọkọ́ bá èkan jà rí mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Owó tí àwọn lébìrà ní kí n san ju agbára mi lọ, ni mo bá lọ ra oògùn apakoríko, bí gbogbo ará oko wa ṣe ń ṣe báyìí.

Paraquat ni ọlọ́jà kọ́kọ́ gbé fún mi, bẹ́ẹ̀ sì ni àjọ NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Mo dá a padà: májèlé gidi ni, ewé nìkan ló sì ń jó. Glyphosate ni mo mú, nítorí pé ó máa ń gba ojú ewé sọ̀kalẹ̀ dé gbòǹgbò.

Mo ṣán èkan náà, mo sì dúró títí ó fi tún hù dé orúnkún, torí ewé tútù ni oògùn náà ń bá wọlé. Omi kànga ni mo lò, nítorí pé omi ẹlẹ́rẹ̀ máa ń sọ ọ́ di aláìlágbára. Mo wọ bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ àti ìbomú, mo ń da mílílítà 200 sínú pọ́ǹpù tó ń gba lítà 16, pọ́ǹpù 10 ni mo sì fín. Nígbà tí mo parí, mo lu kéègì oògùn náà níhò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi rọ epo pupa.

Ibi tí mo ti ṣìṣe ni pé afẹ́fẹ́ dé nígbà tó ku pọ́ǹpù 2, èmi kò sì dúró, nítorí oòrùn ti ń mú. Nígbà tí ó fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, èkan ti pọ́n bí ẹni pé ọyẹ́ mú un. Mo fa ọ̀kan tu, gbòǹgbò rẹ̀ tó máa ń funfun tó sì máa ń le ti dúdú, ó ń já lọ́wọ́ mi bí òwú tó ti jẹrà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti gbé oògùn náà dé oko ìyá àgbà tí a jọ pààlà, ebè tẹ̀tẹ̀ mẹ́ta sì ti pọ́n níbẹ̀. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, mo sì san owó ẹ̀fọ́ náà.

Wọ́n gba owó, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ti tẹ̀tẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Ẹ̀bòlò àti yánrin tí à ń já nídìí ààlà yìí ńkọ́? Ta ló gbìn ín tẹ́lẹ̀, tí yóò wá tún un gbìn?”

Lọ́dún yìí, àdá ni mo fi ṣán ìdí ààlà náà. Ẹ̀bòlò ti hù níbẹ̀. Yánrin kò tíì yọjú.