Bí mo ṣe dá igbó padà sí oko bàbá mi lọ́nà Ìdànrè

Oko kòkó tí bàbá mi dá lọ́nà Akùrẹ́ sí Ìdànrè la pín lẹ́yìn tí wọ́n pa ipò dà. Èyí tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ tó bíi éékà 6. Apá kan ṣì jẹ́ kòkó, àwọn igi àtijọ́ tí èso wọn ò tó nǹkan mọ́. Apá kejì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ ni àwọn agégẹdú ti kó ìrókò àti àfàrà lọ, tí wọ́n wá ń gbin ẹ̀gẹ́ sí lọ́dọọdún títí ilẹ̀ fi ṣá, tí ewé Akíntọ́lá wá gba gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n gé e ní pulọ́ọ̀tì kí n tà á. Ẹ̀gbọ́n mi ní tíìkì ni kí n gbìn, pé owó òpó iná ń bẹ níwájú. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n bàọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílùú Akùrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí bí mo bá bi kíláàsì pé ta ló ti fojú rí igi ìrókò rí. Ọwọ́ kì í pọ̀ lókè. Pákó rẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Nítorí náà mo ní igbó ni mo fẹ́, igbó tí igi rẹ̀ jẹ́ igi ilẹ̀ wa, tí ẹyẹ àti ẹranko lè fi ṣe ilé.

Mi ò fi gbígbìn bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọdẹ kan tó mọ ilẹ̀ náà láti ayé bàbá mi ni mo bẹ̀ pé kí wọ́n bá mi rìn ín wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí Akíntọ́lá ti gbẹ, tí ojú lè tólẹ̀. Wọ́n ń fi ẹnu àdá tú ewé gbígbẹ sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n pè mí.

"Màmá Tíṣà, ẹ wá wo èyí. Ṣé ó ti kú lójú yín?"

Kùkùté àfàrà ni. Wọ́n ti gé e tipẹ́, olú ti ń hù lápá kan rẹ̀, ṣùgbọ́n lápá kejì ọ̀mùnú ti yọ, èyí tó ga jù nínú wọn tó mi léjìká.

"Kò kú, Bàbá. Ó ti rúwé."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ tó kù níbí. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí lébìrà yín fi àdá kàn wọ́n."

Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé gbogbo iṣẹ́ náà kà. Bí a ṣe ń rìn lọ, a rí ire, ayùnrẹ́, ahun, ìyeyè, àti ọ̀pọ̀tọ́ kéékèèké tí ẹyẹ ló su èso rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo wọn wà lábẹ́ Akíntọ́lá tí wọ́n ń wá ìmọ́lẹ̀. Kùkùté tó bá rúwé ní gbòǹgbò tó ti jinlẹ̀ nílẹ̀. Igi inú ọ̀rá tí a rà lọ́jà ò lè bá a sá eré rárá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí a ń sanwó fún láti gé igbó kì í fẹ́ dúró wo èyí tó yẹ kó dá sí. Ó fẹ́ parí, kó gba owó rẹ̀, kó máa lọ. Mo fa àlòkù aṣọ pupa kan ya, mo so ó mọ́ ọ̀pá, mo wá ri ọ̀pá kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi tí mi ò fẹ́ kí wọ́n gé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìròyìn ti kárí abúlé pé Màmá Tíṣà ti pa ààlè sóko. Àwọn tó máa ń wá ṣẹ́gi níbẹ̀ yà fún un. Mi ò sọ pé ààlè ni, mi ò sì sọ pé kì í ṣe ààlè.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ tó kù ò ṣòro, àtúnṣe lemọ́lemọ́ ni. A ro ìdí igi kọ̀ọ̀kan tó ní ọ̀pá, bíi mítà kan yí i ká, a fi èyí tí a ro bo ilẹ̀ ibẹ̀ kí oòrùn má pa á. Kùkùté tí ọ̀mùnú rẹ̀ bá pọ̀, a dá ẹyọ kan tàbí méjì tó dúró ṣinṣin sí, a gé ìyókù. Ibi tí igi kankan ò bá sí, a fi í sílẹ̀ ná.

Ti Akíntọ́lá ló gba suúrù. Àwọn kan ń pè é ní Awólọ́wọ̀ (ẹ má bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ìṣèlú), ṣùgbọ́n èyí tó wù kí a pè é nínú méjèèjì, àjèjì ni. Ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ló ti ṣẹ̀. Àárín èso mẹ̀línà, igi àjèjì tí wọ́n ń gbìn fún pákó, tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní ìparí àwọn ọdún 1930 ló bá wọ orílẹ̀-èdè wa. Òótọ́ ni pé bí èèyàn bá fi àdá gé ara, tó rún ewé rẹ̀ sí i, ẹ̀jẹ̀ á dá. Oore tí mo mọ̀ mọ́ ọn nìyẹn. Bí a bá gé e lórí lásán, ńṣe ló máa ń pọ̀ sí i, nítorí orí gbòǹgbò rẹ̀ ló ti ń hù. Ọkọ́ la fi ń hú orí gbòǹgbò yẹn, pàápàá láyìíká igi tí a dá sí. Ibi tó kù, a kàn ń gé e kó tó tanná, bí oṣù kọkànlá bá ti ń parí lọ, torí bí òdòdó rẹ̀ bá gbẹ tán, afẹ́fẹ́ ni yóò gbé èso rẹ̀ káàkiri. Ohun tó ń pa á pátápátá ni òjìji. Ibi tí ewé àfàrà àti ayùnrẹ́ bá ti pàdé lókè, ẹ ò ní rí i níbẹ̀ mọ́.

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mi ò fọ́n kẹ́míkà apakòríko kí n sinmi. Kẹ́míkà yẹn ò mọ àfàrà yàtọ̀ sí Akíntọ́lá, gbogbo ewé tó bá kàn ló ń pa. Ìyẹn nìkan kọ́. Àpáta wà lókè ilẹ̀ mi, omi tó bá ti ibẹ̀ ṣàn wálẹ̀ inú odò kékeré tí gbogbo wa ń pọn ló ń lọ. Àwọn ẹ̀dá inú omi àti ẹ̀bá àpáta ò fara da irú oògùn bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá, tó jẹ́ pé awọ ara rẹ̀ ló fi ń fa omi. Ẹ̀yin ará Ìdànrè, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí àpáta yín tí kò sí níbòmíràn láyé? Ọdún 1963 ni onímọ̀ ará Denmark kan kọ nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ò gbúròó rẹ̀, kí ìròyìn tó jáde ní 2014 pé wọ́n ti tún rí i. Orí àpáta tútù ni àwọn ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pa ti ń dàgbà, níbi tí omi ti ń sun. Mi ò tíì rí i lórí ilẹ̀ tèmi, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáná sórí àpáta náà tàbí kó wá fọ́ òkúta níbẹ̀.

Iná ló ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, Akíntọ́lá gbígbẹ àti kẹrosíìnì, ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹnì kan lè fẹ́ lé òkété jáde nínú ihò lókèèrè, kí ọdún iṣẹ́ ẹlòmíràn sì bá a lọ. Kí oṣù kejìlá tó dé, a máa ń la ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà márùn-ún sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà tó kọjú sí oko àwọn ẹlòmíràn, a gé e mọ́lẹ̀ títí erùpẹ̀ fi hàn, a sì gbá ewé ibẹ̀ kúrò. Mo gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sétí ọ̀nà náà nínú lọ́hùn-ún. Ara ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún fún omi, iná kì í tètè ràn án, a sì tún ń rí i jẹ.

Ìgbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀ ni mo tó gbin igi, ibi tí ilẹ̀ ò ti mú nǹkan jáde fúnra rẹ̀ nìkan sì ni. Ìyeyè, akòko àti òdàn rọrùn jù: ẹ gé ọ̀pá tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, yóò mú. Ààlà ni mo fi wọ́n ṣe. Ẹyẹ ń bà lé wọn kí wọ́n tó tóbi pàápàá, ẹyẹ tó bá sì bà, yóò su èso tó jẹ níbòmíràn sílẹ̀ kó tó fò lọ. Ọ̀pọ̀ igi tí mo ní lónìí, àwọn ẹyẹ yìí ló gbìn ín fún mi. Èso àgbálùmọ̀ ni kẹ́ ẹ tètè gbìn bí ẹ bá ti jẹ ẹ́ tán, bó bá pẹ́ nílẹ̀ kì í fẹ́ hù mọ́.

Ìrókò ní ìṣòro tirẹ̀. Ọmọ kan tí mo kọ́ nígbà kan, tó lọ ka ẹ̀kọ́ nípa igbó ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú Akùrẹ́, ló kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbìn wọ́n pọ̀ sójú kan, kí n má sì gbìn wọ́n sínú oòrùn gbangba. Kòkòrò kékeré kan wà tó ń yé ẹyin sára ewé ìrókò tó ṣì kéré. Ewé náà á wú bíi pé ó ní kókó, kókó yẹn á bẹ́, yóò rà, orí igi á sì kú. Igi á tún hù, kòkòrò á tún padà wá. Ìdí nìyẹn tí oko ìrókò tí wọ́n bá gbìn lásán kì í fi í yọrí. Mo tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sáàárín ayùnrẹ́ àti àfàrà tó ti ga, níbi tí òjìji díẹ̀ wà, mo fi bíi mítà mẹ́wàá sáàárín ọ̀kan sí èkejì. Kókó náà ń yọ lára àwọn kan, ṣùgbọ́n kò pọ̀, orí wọn ò sì kú. Àdán ló ń gbin ìrókò nínú igbó gidi: ó ń jẹ èso rẹ̀, ó ń gbé èso inú rẹ̀ lọ jìnnà. Bí àdán bá ń yọ yín lẹ́nu lórí igi máńgòrò, ẹ rántí ìyẹn.

Wọ́n fún mi ní mẹ̀línà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo kọ̀ ọ́. Wọ́n ti gbìn ín tó ní igbó ọba tí wọ́n ń pè ní Olúwa, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó wa níbí.

Igi àràbà kan ti kú sórí ìdúró lápá odò. Àwọn tó ń ta igi ìdáná fẹ́ san owó gidi lórí rẹ̀. Mi ò tà á, torí ihò wà lára rẹ̀ lókè, mo sì rí ẹyẹ àtíòro tó ń wọlé síbẹ̀. Bí ìyá ẹyẹ yìí bá fẹ́ yé ẹyin, inú ihò ló ń tì ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n á fi amọ̀ àti ìgbẹ́ dí ẹnu ihò náà, yóò ku ojú kékeré kan bayìí. Ọkọ ló ń wá oúnjẹ. Ó ń bà sára igi, yóò na àgógó ẹnu rẹ̀ tó tẹ̀, yóò mú èso kọ̀ọ̀kan jáde láti ọ̀fun, yóò fi í sí ẹnu ojú yẹn, èyí tó wà nínú á gbà á wéré. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra kó tó fò lọ. Bí gbogbo igi òkú bá di igi ìdáná, ibo ni irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ fẹ́ yé sí?

Àwọn ẹbí bi mí pé èwo lowó nínú gbogbo èyí. Abẹ́ kòkó àtijọ́ ni mo tọ́ka sí. Ewé eéran, ìyẹn ewé tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, fẹ́ràn òjìji, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé. Mo ní kí wọ́n yé ro ó dànù. Ní báyìí àwọn obìnrin abúlé ń wá já a, wọ́n ń fi ewé kékeré sílẹ̀ kó lè tún yọ, wọ́n ń san tèmi fún mi. Ìgbín náà ti pọ̀ lábẹ́ ewé tó ń rà. Kì í ṣe owó tíìkì, mi ò tan ẹnikẹ́ni.

Àdéhùn tí mo bá àwọn ọdẹ ṣe ṣe kókó. Mi ò lè lé wọn, ilẹ̀ ò ní ògiri. Wọ́n lè gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n lè já ewé àti egbòogi, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí okùn wáyà, kò gbọdọ̀ sí iná, ìgalà àti ẹtu tó bá wọ ibẹ̀ ti bọ́ nìyẹn. Akíka ni mo tẹnu mọ́ jù, torí láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú un ṣòwò láàrin orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń wá a kiri. Bàbá ọdẹ yẹn ló bá mi dúró níwájú wọn. Bàbá ní, "Ibi tí ẹran bá ti ń bímọ ni ẹran tí ẹ ó rí pa níta á ti máa jáde." Òye yé àwọn ọdẹ ju bí mo ṣe lè fi bàọ́lọ́jì ṣàlàyé lọ.

Ọ̀bọ náà ti dé. Aládùúgbò mi lápá ìsàlẹ̀ wá sílé wa lọ́jọ́ kan.

"Ẹ káalẹ́, Màmá. Ọ̀bọ yín ti jẹ kòkó mi."

"Ọ̀bọ mi kẹ̀?"

"Inú igbó yín ló ti jáde, Màmá. Mo rí i."

Kò purọ́, ọ̀bọ máa ń fọ́ kòkó tó bá pọ́n, á lá omi dídùn ara rẹ̀. A jọ lọ wò ó. A ṣàdéhùn pé yóò máa tètè ká kòkó ìlà tó sún mọ́ ààlà bó bá ti pọ́n, kò ní jẹ́ kó pẹ́ lórí igi, ajá rẹ̀ á sì máa sùn níbẹ̀ nígbà ìkórè. Èmi gé ẹ̀ka igi tó ti nà kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ọ̀bọ má baà rí afárá gbà, mo sì ní kó máa gbé àgbagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà iná lápá tirẹ̀. Nígbà tí òjò dé, ó wá gba ọ̀pá ìyeyè lọ́wọ́ mi, ó fẹ́ fi ṣe ààlà rẹ̀ lápá kejì. Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ ò tíì tán láàrin wa.