Bí a ṣe lè dá òdòdó inú igbó mọ̀ ní àyíká ilé
Lásìkò òjò, ẹ jáde ní òwúrọ̀, nítorí òdòdó gọ̀dọ̀gbódọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró, máa ń rọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Imí-eṣú wọ́pọ̀ lẹ́yìn ilé àti lóko: òdòdó rẹ̀ kéékèèké ṣù jọ, ó funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀, bí a bá sì fọwọ́ ra ewé rẹ̀, òórùn líle yóò jáde. Patanmọ́, tí mo fẹ́ràn jù lọ, kò ṣòro láti mọ̀, nítorí ewé rẹ̀ máa ń pa dé bí a bá fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀gún rẹ̀. Ẹ má fa èyíkéyìí tu. Ẹ ya àwòrán rẹ̀.