Bí a ṣe ń fi sólà àti bátìrì dín owó NEPA kù l'Ábújà

Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó yúnìtì iná fún àwa tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 ó kéré tán fún lójúmọ́) kúrò ní nǹkan bíi ₦68, tí wọ́n sọ ọ́ di ₦225. Nígbà tó fi di oṣù Keje, ó ti wá sí nǹkan bíi ₦209. Ìyẹn ni pé ₦10,000 tí ẹ bá fi ra iná kò ní tó yúnìtì 50. Sólà lè gba èèyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nínú ìnáwó yìí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tó ní sólà lórí, tí owó iná wọn kò yí padà, torí pé wọn kò tò ó bó ṣe yẹ.

Ẹ má tíì lọ sọ́jà. Ọ̀dọ̀ mítà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ iye yúnìtì tó kù sílẹ̀ ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ tún kọ ọ́ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Èyí tó lọ lójú ọ̀sán, pánẹ́ẹ̀lì á gbé e. Èyí tó lọ lóru ló máa sọ bí bátìrì ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Ẹ wo ilé yàrá méjì ní Kubwa: firíìjì ń jẹ nǹkan bíi yúnìtì 1.5 lójúmọ́ (yúnìtì kan ni wọ́ọ̀tì 1,000 fún wákàtí kan). Fáànù mẹ́ta tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 60 fún wákàtí 10 jẹ́ 1.8. Ẹ fi gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti pọ́ńbù omi kún un, ó di bíi yúnìtì 5. Tí yúnìtì bá jẹ́ ₦209, ìyẹn lé ní ₦31,000 lóṣù kan.

L'Ábújà, ẹ lè ka wákàtí 5 oòrùn tó mú dáadáa lójúmọ́. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tó jẹ́ wọ́ọ̀tì 450 á mú yúnìtì 9 wá lórí ìwé. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ooru, eruku àti wáyà, ó ku bíi 6.7. Ẹ jẹ́ kó kọjú sí gúúsù, kí ẹ gbé e sókè díẹ̀, bíi dígírì 10 sí 15, kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Ẹ ṣọ́ òjìji igi máńgòrò àti ti táǹkì omi, torí òjìji lórí ẹyọ kan lè fa gbogbo ìyókù sẹ́yìn. Ayálégbé gbọ́dọ̀ bá onílé sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lu òrùlé.

Ní ti bátìrì, lithium yúnìtì 5 tó ilé yìí láti ìrọ̀lẹ́ dé àárọ̀. Bátìrì olómi kò wọ́n tó o, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ péré ni ẹ lè máa lò tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ooru oṣù Kẹta l'Ábújà kì í sì í fi bátìrì kankan lọ́rùn sílẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀ ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ilé ìdáná.

Ibi tí owó ti ń sọnù jù nìyí: ètò inú ìnfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sólà àti ti bátìrì di irú èyí tí ilé ń lò. Ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, iná òru kò wọ́n tó ti ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi iná ìjọba kún bátìrì lóru. Níbí, iye kan náà ni, tọ̀sán tòru. Tí ẹ bá fi yúnìtì 10 NEPA kún bátìrì, 8 tàbí 9 ni ẹ máa rí lò. Ẹ ti san owó èyí tó ṣòfò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa gan-an nìyẹn. Ẹni tó wá so tiwa fi í sílẹ̀ kí NEPA àti sólà jọ máa kún bátìrì. Tí iná bá ti dé lóru, NEPA á kún un tán. Kí oòrùn tó yọ, kò sí àyè fún un mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí n tó mọ̀, mítà ló sì tú àṣírí. Nítorí náà, ẹ sọ fún oníṣẹ́ yín pé kó fi ìlò rẹ̀ sí SBU, ìyẹn ni pé sólà ló ṣáájú, bátìrì tẹ̀ lé e, NEPA ló kẹ́yìn. Kó fi ìkún bátìrì sí sólà nìkan. Kí ó jẹ́ pé NEPA á gba iṣẹ́ nígbà tí bátìrì bá kù bíi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ọjọ́ òjò.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó iṣẹ́ ńlá sí àárín aago mẹ́wàá sí mẹ́ta ọ̀sán: pọ́ńbù omi, ẹ̀rọ ìfọṣọ, áyọ́ọ̀nù. Aṣọ iléèwé ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sán Sátidé ni ìyàwó mi ń lọ gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ má tan pọ́ńbù àti áyọ́ọ̀nù pọ̀ o, torí pọ́ńbù máa ń fa iná gidigidi nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde.

Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kejì, eruku á bo pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún lọ́sẹ̀ méjì-méjì, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Omi tútù lórí gíláàsì tó ti gbóná lè sán an.

Kí ẹ wá padà sídìí mítà fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹ ti ṣe níbẹ̀rẹ̀. Tí yúnìtì bá ṣì ń lọ lóru nígbà tí bátìrì kún, ẹ pe oníṣẹ́ yín padà: ó ṣeé ṣe kí ohun kan wà nínú ilé tó ṣì so mọ́ wáyà NEPA.