Yàrá Àwòrán Tí Mo Fi Páálí Kọ́ Kí N Tó Fọwọ́ Sí Fèrèsé Rẹ̀

Yàrá kan ṣoṣo ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi: gbọ̀ngàn kékeré tí wọn yóò ti máa ṣàfihàn àwòrán, gígùn rẹ̀ mítà 10, ìbú rẹ̀ mítà 6, gíga rẹ̀ mítà 4. Mo ti yà á tán lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti to fèrèsé ńlá mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wù mí lójú. Ohun tí kò jẹ́ kí n tíì fa iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ inú kọ̀ǹpútà máa ń ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe, oòrùn kì í sì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Mo wá fi páálí kọ́ yàrá náà ní ìwọ̀n 1:20, tí sẹ̀ǹtímítà 5 dúró fún mítà 1. Bí ènìyàn bá kọ́ afárá kékeré láti fi dán afárá ńlá wò, kíkéré rẹ̀ lè tan onítọ̀hún jẹ, nítorí pé ìwúwo àti agbára kì í jọ dín kù ní ìwọ̀n kan náà. Ti ìmọ́lẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ bóyá yàrá tí òun wọ̀ tóbi tàbí ó kéré. Bí ìrísí yàrá, àwọ̀ ògiri àti ojú fèrèsé bá ti bá ti ilé gan-an mu, bí yóò ṣe pín nínú páálí ni yóò ṣe pín nínú ilé.

Páálí funfun tí mo kọ́kọ́ lò fẹ́lẹ́ jù. Nígbà tí mo gbé àpótí náà síta, gbogbo ara rẹ̀ ń tàn bí àtùpà, oríkèé ògiri rẹ̀ sì ń jò ìmọ́lẹ̀. Mo fi bébà dúdú wé e láti ẹ̀yìn, mo sì di gbogbo oríkèé pa. Mo dá ihò kan sí ara ògiri kúkúrú, sẹ̀ǹtímítà 8 láti ilẹ̀, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú mítà 1.6, níbi tí ojú ẹni tó bá dúró sábà máa ń wà. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà fóònù mi ń gbà wo inú.

Ohun tí mo rí kò dùn mọ́ mi. Ògiri tó kọjú sí fèrèsé mọ́lẹ̀ jù, èyí tó wà láàárín fèrèsé sí fèrèsé sì dúdú débi pé n kò rí àwòrán tí mo lẹ̀ mọ́ ọn. Lára àwòrán kan tó ń dán ní òdìkejì, fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo rí dípò àwòrán fúnra rẹ̀.

Fóònù kan náà ni mo fi wọn ìmọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó ń gbé jáde kò ṣe é gbọ́kàn lé tán, nítorí náà ìpín ni mo ń wá: mo wọn níta, mo wọn nínú, mo sì wo iye tí ti inú jẹ́ nínú ọgọ́rùn-ún ti ìta. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run ni ó yẹ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ ọnà sábà máa ń fi 50 lux (lux ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sórí nǹkan) mọ fún iṣẹ́ orí bébà àti aṣọ kí àwọ̀ wọn má baà tètè ṣá, wọ́n sì máa ń gba nǹkan bí 200 láyè fún àwòrán tí a fi ọ̀dà olóròóró kùn. Bí ìta bá jẹ́ 10,000, ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó fún ọ̀dà olóròóró, ààbọ̀ ìdá kan sì ti tó fún bébà. Ògiri mi gba ìdá 4.

Mo dí fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì la àjà láàárín, àlàfo tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2. Ilẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ sí, ògiri kò rí púpọ̀ gbà. Ìgbà yẹn ni mo rántí Kimbell Art Museum ní Fort Worth, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, èyí tí Louis Kahn yàwòrán rẹ̀ tí wọ́n sì ṣí ní 1972. Òrùlé kọnkéré rẹ̀ tẹ̀ ní ìrísí ipa tí àmì kan lára etí kẹ̀kẹ́ máa ń tọ̀ bí kẹ̀kẹ́ náà ṣe ń yí lọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àlàfo tín-ín-rín wà ní ṣóńṣó rẹ̀, pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù oníhò wẹ́wẹ́ sì wà lábẹ́ àlàfo náà, tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sókè sí ara kọnkéré kí ó tó rọra bọ́ sára ògiri.

Mo fi abẹ́rẹ́ dá bébà alumíníọ̀mù lu, mo sì so ó rọ̀ sábẹ́ àlàfo mi. Ìyàtọ̀ díẹ̀ ni mo rí, torí pé àjà mi tẹ́jú. Mo yọ àjà náà, mo tẹ bébà funfun líle mìíràn bí òṣùmàrè sípò rẹ̀, òkè ògiri àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ṣùgbọ́n apá kan àjà náà pupa fẹ́ẹ́rẹ́, n kò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dá bébà náà lẹ́bi kí n tó rí ìwé ẹlẹ́yìn pupa tí mo fi ti àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó yọ sókè létí àlàfo. Bí mo ṣe mú un kúrò ni pupa náà lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè àwọ̀ òrùlé tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo kí n tó béèrè àwọ̀ ògiri.

Níkẹyìn, mo jẹ́ kí àlàfo náà parí ní mítà 3 kí yàrá tó tán, kí òpin náà lè ṣókùnkùn tó láti gba iṣẹ́ orí bébà, mo sì fi aṣọ ìbòjú tó ṣeé fà sórí àlàfo nítorí ọjọ́ tí oòrùn bá le. Fèrèsé kékeré kan ṣoṣo ni mo dá padà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà níbi tí a kò ní gbé àwòrán kọ́, kí ẹni tó bá ti wo àwòrán pẹ́ lè rí ìta díẹ̀.