Ẹ Má Fi Nọ́ọ̀tì Fa Ẹ́ńjìnnì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ Tó Ń Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì Land Rover Nílé

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti onílé tí ẹ ṣì ń fi Land Rover àtijọ́ ṣiṣẹ́ ní agbègbè Ìbàdàn la kọ ìwé kékeré yìí fún, láti Mọ́níyà títí dé Ìjàyè, láti Akùfọ̀ títí dé Lágùn. A mọ̀ pé ẹ mọ sípánà í dì mú. A kò ní máa sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń tú rédíétọ̀ tàbí bí wọ́n ṣe ń yọ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló mú wa kọ ọ́. Láàárín ọdún kan, ó ti ba ọkọ̀ mẹ́ta jẹ́ lójú èmi fúnra mi.

Àṣìṣe náà nìyí. Ẹ́ńjìnnì tuntun á ti sún mọ́ gíábọ́ọ̀sì, á ku bí ìbú ìka kan, kò ní wọlé mọ́. Wọn á wá ki nọ́ọ̀tì bọ ojú rẹ̀, wọn á máa fún un pé òun ni yóò fà á wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é mọ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀tì ni kó di ohun tó ti pàdé mú. Ohun tí kò tíì pàdé kì í ṣe tirẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà tó kọjá, mo dé oko bàbá kan lọ́nà Ìjàyè. Wọ́n ti hú ẹ̀gẹ́ láná ọjọ́ náà, òkìtì rẹ̀ wà lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ọkọ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ó ti kù díẹ̀. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín ẹ́ńjìnnì àti gíábọ́ọ̀sì. Lókè, irin méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Nísàlẹ̀, ọmọńdinrín mi wọ ibẹ̀ láìha. Kí n tó lanu, ó ti fún sípánà lẹ́ẹ̀kan sí i. A gbọ́ “pẹ́.” Kò tiẹ̀ dún tó ìgbà tí èèyàn ń ṣẹ́ igi ìdáná. Irin funfun kan tó tóbi tó bísíkíìtì já bọ́ sórí iyanrìn. Etí ilé kílọ́ọ̀ṣì ni, irin tó bo kílọ́ọ̀ṣì níwájú gíábọ́ọ̀sì. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é, kì í tẹ̀ kó tó fọ́.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọkọ̀ yẹn fi wà lójú kan. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a bá ti hú, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Ohun tí bàbá náà fẹ́ gbé lọ sí Bódìjà, ewúrẹ́ ló jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, ìyókù jẹrà síbẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì wo ni kí ẹ rà?

Irú èyí tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà. Land Rover Series III tó pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, láti 1971 sí 1985 ni wọ́n fi ṣe é, ẹ́ńjìnnì 2.25 lítà (2286 cc) ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Èyí tó ń lo bẹntiróòlù àti èyí tó ń lo dísù ti 2.25 yìí, gíábọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n ń wọ̀. Láti 1980, wọ́n fi bẹ́ríǹ márùn-ún gbé kíráńkì rẹ̀, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì, dípò mẹ́ta tó wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí oníbẹ́ríǹ márùn-ún rà, ẹ mú un, ó lágbára jù fún ẹrù.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi ẹ́ńjìnnì Toyota sí i. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, gbọ́dọ̀ gé irin pẹlẹbẹ tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀, bí àárín irin náà bá sì yẹ̀ díẹ̀ báyìí, wàhálà tí mo ń sọ yìí gan-an lẹ fowó rà wálé. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ igi ọsàn.

Bí ẹ bá dé Àràròmí ní Gate, ẹ má tẹ́tí sí ẹni tó ní “tòkunbọ̀ gidi ni” títí ẹ ó fi yí kíráńkì fúnra yín. Kó yí láìha, yíyí méjì gbáko. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ: bí ọ́ìlì bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ gba rìsíìtì tí nọ́mbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú ara yín wò ó pé nọ́mbà yẹn ló wà lára irin.

Kílọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà

Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò wọlé, kì í ṣe agídí ló ń ṣe. Àwo kílọ́ọ̀ṣì ni kò sí ní àárín gbùngbùn. Ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì ní láti gba inú àwo yẹn kọjá kí imú rẹ̀ tó wọ búùṣì kékeré tó wà láàárín fuláwíìlì, àwo irin ńlá tó wà lẹ́yìn kíráńkì. Eyín mẹ́wàá ló wà lára ṣáàfù náà. Bí àwo bá yẹ̀ sísàlẹ̀ ní mìlímítà méjì péré, eyín lè wọ inú àwo, ṣùgbọ́n imú ṣáàfù á dúró sí ẹnu búùṣì. Ibi tó ti ń ku ìbú ìka kan nìyẹn.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì wà nílẹ̀, ẹ yọ búùṣì àtijọ́ kúrò, ẹ ra tuntun, ẹ rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì fún wákàtí 24 kí ẹ tó kì í wọlé. Àwo kílọ́ọ̀ṣì Series III, íǹṣì 9 àti ààbọ̀ ni. Bí wọ́n bá ta oní-9 fún yín, ti ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni, ẹ dá a padà. Ìhà tí àárín àwo náà ti yọ síta ni kó kọjú sí gíábọ́ọ̀sì.

Ẹ wá ṣáàfù gíábọ́ọ̀sì tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù, tàbí kí ẹ ní kí tọ́nà gé igi líle bíi ṣáàfù náà fún yín. Òun lẹ máa kì gba inú àwo títí imú rẹ̀ á fi wọ búùṣì. Kí ó wà níbẹ̀, kí ẹ tó máa fún bóòtù ìdérí kílọ́ọ̀ṣì ní ààbọ̀ yíyí, ààbọ̀ yíyí, láti igun kan sí igun tó kọjú sí i. Bí ẹ bá fún gbogbo rẹ̀ tán, ẹ fi ìka méjì fa ṣáàfù náà jáde, kí ẹ tún fi ìka méjì tì í padà. Bó bá ha, ẹ tú u, ẹ bẹ̀rẹ̀ látòkè. Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo ti gbọ́ “a ti fi ojú wọ̀n ọ́n” tó, ojú kò wọn ohunkóhun níbí.

Gbígbé e sókè

Ẹ́ńjìnnì yìí wúwo tó nǹkan bí 200 kìlógíráàmù, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin. Ẹ má so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò. Ẹ má fi okùn ọ̀rá gbé e. Ṣéènì búlọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù kan lẹ máa lò, lórí páìpù onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì fi pákó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó má baà rì. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kí ó dúró sórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, igi síwájú igi sẹ́yìn. Kò sídìí tí ẹ fi máa gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. Kí ẹnikẹ́ni má ki ẹsẹ̀ tàbí orí bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì tó wà lókè, kódà fún ìṣẹ́jú àáyá kan láti mú sípánà tó bọ́. Ẹ jẹ́ kí sípánà wà níbẹ̀.

Ẹ ti yọ orí bátìrì ti nẹ́gétíìfù kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ̀yin ìyá ilé, bẹntiróòlù tí wọ́n bá fà kúrò nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná, kò sì gbọdọ̀ sí nínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ fi ń pọn omi mímu. Ọ́ìlì dúdú kò gbọdọ̀ sún mọ́ kànga.

Ìbú ìka kan

Ẹ fi jáàkì sábẹ́ gíábọ́ọ̀sì, pákó láàárín, kí ẹ gbé e díẹ̀. Ẹ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí irin méjèèjì á fi kọjú síra. Ẹ fi ọkọ̀ sí gíà kẹrin, ẹ fa búréèkì ọwọ́. Báyìí, ẹni kan ti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́, ẹnìkejì fi ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ ṣíná láyé àtijọ́ yí kíráńkì díẹ̀ díẹ̀ láti iwájú. Kò sí rédíétọ̀ lójú ọ̀nà, ó rọrùn. Eyín á wá ara wọn rí.

Bó bá dúró, ẹ dúró. Ẹ wọn àlàfo náà níbi mẹ́rin: òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì. Àpótí ìṣáná ló dára fún un, ẹ máa kì í wọlé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ìsàlẹ̀ bá fẹ̀ ju òkè lọ, imú gíábọ́ọ̀sì ti wálẹ̀ jù, ẹ fi jáàkì gbé e sókè díẹ̀, tàbí kí ẹ sọ iwájú ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pẹ̀lú ṣéènì. Bí òkè ló bá fẹ̀, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n. Nígbà tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, ẹ tún yí kíráńkì. Ó máa wọlé pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ẹ ó gbọ́ bí irin ṣe máa kan irin, gbàgà, bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn tí wọ́n kàn dáadáa.

Bí kò bá tíì wọlé lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta, ẹ fà á jáde, kí ẹ padà sídìí kílọ́ọ̀ṣì. Ó dunni láti fa ohun tí ẹ ti gbé wọlé jáde lójú oòrùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ilé kílọ́ọ̀ṣì kò sí lọ́jà nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́, wákàtí méjì sì sàn ju ọjọ́ mọ́kànlá lọ.

Ìgbà tí irin bá ti pàdé yíká ni kí ẹ tó mú nọ́ọ̀tì. Ìka ni kí ẹ fi yí gbogbo wọn wọlé ṣáájú. Sípánà kẹ́yìn.

Ṣíṣíná

Ọ́ìlì 6.25 lítà fún ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, 0.85 lítà sí i fún fílítà tuntun. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì, mìlímítà 0.25. Àlàfo púlọ́ọ̀gì fún èyí tó ń lo bẹntiróòlù, mìlímítà 0.75 sí 0.80. Iná á máa jó nínú àwọn sìlíńdà ní 1-3-4-2, nọ́mbà kìíní ló sún mọ́ fáànù jù. Kí ẹ tó fi púlọ́ọ̀gì sí i, ẹ fi sítátà yí i fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sinmi fún ọgbọ̀n, ẹ tún yí i, títí iná pupa ọ́ìlì á fi kú. Ẹ má gbàgbé wáyà nípọn tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ṣáásì. Bí kò bá sí níbẹ̀, okùn ṣóòkù ni iná sítátà máa gbà kọjá, á sì jó.

Nọ́mbà ẹ́ńjìnnì yín ti yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Ẹ mú rìsíìtì lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé ẹrù gba títì. Bí ọkọ̀ bá ti gbé ẹrù lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá tutù, kí ẹ tún nọ́ọ̀tì síìtì ẹ́ńjìnnì fún.