Bẹ́ ẹ ṣe lè polówó aṣọ kó ta ìlú jí, láì jẹ́ pé ọmọlọ́mọ ló máa jìyà ẹ̀

Ẹ̀yin télọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta àǹkárá àti léèsì ní ọjà Wàǹdó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti ń gé aṣọ tiyín tẹ́ ẹ sì ń lẹ orúkọ mọ́ ọn lẹ́yìn ọrùn, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, kò sẹ́ni tó máa bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Àmọ́ ní báyìí tó jẹ́ pé gbogbo Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ló ń ta aṣọ lórí sítátù WhatsApp, fótò aṣọ lásán ò dá ẹnikẹ́ni dúró mọ́, kálukú wá ń wá ohun tó máa fa ojú: àyà níta, itan níta, ọmọ kékeré tí wọ́n kun ètè ẹ̀ bí àgbà, ẹnì kan tó ń fi ẹ̀sìn ẹlẹ́sìn ṣeré, ká ṣáà ti pariwo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa bi ara yín kẹ́ ẹ tó gbé e síta: ariwo tẹ́ ẹ fẹ́ pa yìí, ta ló máa san owó ẹ̀? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín, ó dáa. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì tẹ́ ò bi léèrè, tàbí tẹ́ ẹ bi àmọ́ tí kò láyà láti sọ pé rárá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ máa rọra sọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tó ń ta èèyàn lára kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ẹ lọ sí Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ níbí kẹ́ ẹ gbọ́ Ẹ̀fẹ̀ tó ń kọrin lóru, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lójúmọmọ, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orin na olè, na alágàbàgebè, na ẹni tó jẹ owó ìlú, ní gbangba. Láti 2001 ni UNESCO ti kéde pé ogún àgbáyé ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ṣùgbọ́n Ẹ̀fẹ̀ á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa kó tó la ẹnu sí ẹnikẹ́ni lára, ẹni tó sì ń nà, ìwà ọwọ́ ẹ̀ ló fà á. Kẹ́ ẹ wá dójú ti ẹni tí ò ṣẹ̀ yín kẹ́ ẹ lè ta ṣòkòtò, ìyẹn ò jọ Ẹ̀fẹ̀ rárá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó máa wọ aṣọ. Inú ṣọ́ọ̀bù gan-an ni nǹkan ti sábà máa ń bàjẹ́, torí ọmọ iṣẹ́ ló wà nítòsí, owó ẹ̀ ò sì tó ti mọ́dẹ̀ẹ́lì. Ọmọ náà jókòó tì ẹ̀rọ, ó ń tú òwú, ọ̀gá ní kó dìde kó wọ búláòsì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ẹ̀yìn ẹ̀ ṣí dé ìbàdí, oní-fótò ti gbé kámẹ́rà dúró. Ẹ wo ọwọ́ ọmọ yẹn. Ó fi tẹ aṣọ mọ́ àyà, kò fẹ́ gbé e kúrò. Oní-fótò á ní "mú ọwọ́ kúrò, rẹ́rìn-ín díẹ̀", ó mú un kúrò, ó rẹ́rìn-ín, ẹ wá ń sọ pé ó gbà. Kò gbà o. Ọwọ́ yẹn ti dá yín lóhùn kí ẹnu tó sọ̀rọ̀, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ni, ọ̀dọ̀ yín ló ti máa gba ìwé ẹ̀rí, báwo ló ṣe fẹ́ sọ fún ọ̀gá pé òun ò ṣe?

Nítorí náà ẹ má béèrè lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa ya fótò. Ẹ béèrè ṣáájú, kẹ́ ẹ fi aṣọ náà hàn án, kó lọ sílé kó lọ rò ó, kí ẹlòmíì tí kì í ṣe ọ̀gá ẹ̀ ló lọ gba èsì lẹ́nu ẹ̀, ìyá ẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ kó wà níbẹ̀ tó bá fẹ́. Ẹ sọ ibi tí fótò máa dé, torí sítátù tí èèyàn díẹ̀ máa rí yàtọ̀ sí Facebook, Facebook náà sì yàtọ̀ sí àfíìṣì ìpolówó ńlá létí títì tí bàbá ẹ̀ máa kọjá lójoojúmọ́ tó bá ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ẹ sọ iye oṣù tó máa fi wà níta, ẹ sọ iye sẹ́fà tẹ́ ẹ máa san, kẹ́ ẹ san án lóòótọ́. Tẹ́ ẹ bá ya fótò tán, ẹ gbé e fún un kó wò ó, èyí tí kò bá fẹ́, níṣojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ pa á rẹ́. Gbogbo ẹ̀, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ní èdè tó gbọ́, kálukú mú ẹ̀dà kan. Ẹ má sì rò pé eré ni, òfin wà ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, code du numérique, ìyẹn òfin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó jáde ní 2018, ẹni tí wọ́n bá lo fótò ẹ̀ láìgbàṣẹ lè fẹjọ́ sùn ní APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni.

Ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18, ẹ má fi í polówó aṣọ tó ń ṣí ara sílẹ̀, kódà tí ìyá ẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Mi ò ní àbùjá kankan lórí ìyẹn. Ní 1980, ọmọ ọdún 15 ni Brooke Shields, òṣèré ará Amẹ́ríkà, nígbà tó ń polówó jíìnsì ilé aṣọ Calvin Klein, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì fi sí i lẹ́nu kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nígbà tó di 1995, ilé aṣọ yẹn kan náà tún gbé fótò síta tí àwọn inú ẹ̀ jọ ọmọdé níbi tí kò yẹ kí ọmọdé wà, ìjọba Amẹ́ríkà ṣèwádìí, wọn ò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni torí wọn ò rí ọmọdé kankan nínú ẹ̀, síbẹ̀ Calvin Klein ti fọwọ́ ara ẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí ìwádìí yẹn tó parí.

Fún àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń ṣe, ara ṣíṣí nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó ń ta aṣọ ìwẹ̀ á fi ara hàn náà ni. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé: ẹ fi àtàǹpàkò bo aṣọ inú fótò yẹn lójú fóònù. Tí ohun tó ń fa ojú bá ṣì wà níbẹ̀ digbí, ara ọmọlọ́mọ lẹ̀ ń tà, ẹ tún un yà. Ní March 2017, ARPP tó ń rí sí ìpolówó ní ilẹ̀ Faransé ní kí ilé aṣọ Saint Laurent yọ àwọn àfíìṣì kan kúrò ní Paris, torí bí wọ́n ṣe gbé obìnrin ibẹ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ yíya, ẹ̀yìn títẹ̀, ń tàbùkù obìnrin.

Ìbànújẹ́ ẹlòmíì ló wá le jù, torí ẹni tó ń lò ó máa ń rò pé ire lòun ń ṣe. Ẹ wo Benetton, ilé aṣọ Ítálì tó ń ta súwẹ́tà. Oliviero Toscani ló ṣe ìpolówó wọn láti 1982 títí di 2000. Ní 1992 wọ́n mú fótò David Kirby, ọkùnrin tí éèdì ti jẹ tán, ó wà lórí ibùsùn ikú, bàbá ẹ̀ gbá orí ẹ̀ mọ́ra, wọ́n lẹ orúkọ ilé aṣọ mọ́ ọn. Súwẹ́tà kan ò sí níbẹ̀. Therese Frare ló ya fótò yẹn ní 1990, dúdú àti funfun ni, Benetton ló ní kí wọ́n fi àwọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ bínú, títí kan àwọn tó ń jà fún àwọn tó ní éèdì. Àmọ́ àwọn òbí Kirby fọwọ́ sí i, wọ́n fẹ́ káyé rí ohun tí àrùn yẹn ń fojú èèyàn rí. Ní tèmi, ìfọwọ́sí yẹn nìkan ló gba fótò náà là, mi ò sì ní fi ta súwẹ́tà láé.

Ẹ wá fi wé ti 2000. Toscani wọ àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà, ó ya àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún, ó lóun fẹ́ bá ìdájọ́ ikú jà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ inú ẹ̀ nìyẹn. Ẹbí àwọn tí wọ́n pa ńkọ́? Ìpolówó yẹn ò dárúkọ òkú kankan. Ìpínlẹ̀ Missouri pè wọ́n lẹ́jọ́ pé wọn ò sọ ohun tí wọ́n bá wá gan-an kí wọ́n tó wọlé, Sears, ilé ìtajà ńlá kan níbẹ̀, ò bá wọn ta ọjà mọ́, Toscani kúrò lọ́dún yẹn, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ni pé Benetton kọ lẹ́tà àforíjì sí àwọn ẹbí kan, wọ́n sì dá 50,000 dọ́là sí àpò ìrànwọ́ tí Missouri ní fún àwọn tí ọ̀daràn ṣe léṣe. Torí náà, omi tó bo ilé èèyàn, ìjàǹbá ọkọ̀, aláìsàn, ẹ má fi ta aṣọ, àfi tí ẹni tó ni ìyà náà bá pè yín pé ẹ bá òun sọ ọ́.

Ohun mímọ́ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Egúngún, Gẹ̀lẹ̀dẹ́, Zàngbétò, àgbélébùú, híjáàbù: ẹ lọ bá àwọn tó ni ín kẹ́ ẹ tó ya fótò, tí wọ́n bá ní rárá, ó parí. Bẹ́ẹ̀ náà ni àṣà ẹlòmíì. Dolce & Gabbana, ilé aṣọ kan ní Ítálì, fi ọ̀nà tí àwọn ará Ṣáínà ń gbà jẹun ṣe yẹ̀yẹ́ ní November 2018, àfihàn aṣọ ńlá tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Shanghai ò wáyé mọ́.

Fíltà náà ń kọ́? Ẹ má fi bó àwọ̀ èèyàn, ẹ má fi fún ìbàdí ẹni tó sanra. Láti October 2017 ní Faransé, tẹ́ ẹ bá tún ara mọ́dẹ̀ẹ́lì ṣe kó lè tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó sanra sí i, ẹ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ tún un ṣe, owó ìtanràn ẹ̀ lè tó 37,500 yúrò. Níbí a ò nílò kí òfin kankan kọ́kọ́ dé, ẹni tó wọ XL fẹ́ rí bí aṣọ yẹn ṣe máa jókòó lára òun.

Kẹ́ ẹ tó gbé e síta, ẹ fi han àwọn tí kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín: ìyá àgbà kan, onízém (ọlọ́kadà) kan, ẹnì kan láti inú irú àwọn tó wà nínú fótò. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan, ẹ kàn bi wọ́n pé "kí lẹ rí?" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ní January 2018, ilé aṣọ Sweden tó ń jẹ́ H&M wọ aṣọ fún ọmọ dúdú kékeré kan, ohun tí wọ́n kọ sí i láyà ni pé òun ni ọ̀bọ tó gbayì jù nínú igbó, ariwo sọ káàkiri ayé, àwọn kan ya wọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní South Africa, wọ́n ba nǹkan jẹ́. Ìyá dúdú èyíkéyìí ì bá ti sọ fún wọn kí aṣọ yẹn tó kúrò nílé iṣẹ́.

Tí nǹkan bá wá bàjẹ́ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹ yọ fótò náà lójú ẹsẹ̀ níbi gbogbo tẹ́ ẹ gbé e sí, ẹ pe àwọn tó bá yín pín in kí wọ́n yọ tiwọn náà, ẹ san owó fún ẹni tó máa ká àfíìṣì. Ẹ lọ bá ẹni tọ́rọ̀ náà dùn nílé ẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan sórí Facebook. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ kọ ọ́, ẹ má kọ "tó bá dun ẹnikẹ́ni", ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ṣe: "A lo fótò arábìnrin yìí láì bi í, a ti yọ ọ́, a ti lọ bẹ̀ ẹ́." Owó aṣọ tí fótò yẹn bá yín tà, ẹ yọ tiẹ̀ níbẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e lọ fún un.